Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Kọ́ Kóòdù Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ìgbékalẹ̀ Sọ́fítíwíà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti ń kọ́ Python. Mo ti mọ loop, function, list àti dictionary, mo sì ti kọ ètò kan tó ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá mi ṣe àkọsílẹ̀ owó. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo kóòdù náà wà, ó ti ń lọ sí ìlà 900, fáìlì CSV ni mo sì ń kó àkọsílẹ̀ náà sí. Ẹnì kan ní kí n yára lọ kọ́ software architecture (ìgbékalẹ̀ sọ́fítíwíà), pàápàá microservices (pípín ètò kan sí àwọn ètò kéékèèké tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti design patterns (àwọn ọ̀nà àbáyọ tó ní orúkọ fún ìṣòro tó wọ́pọ̀), kó tó pẹ́ jù. Ẹlòmíràn ní kí n má tíì fojú kàn án, ó di ìgbà tí mo bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò wa, àsìkò ti tó. Kì í ṣe oṣù méje ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì tó fara hàn nínú ìbéèrè rẹ ló sọ ọ́. Àkọ́kọ́, àwọn ẹlòmíràn ti ń lo ètò tí o kọ, owó wọn sì wà nínú rẹ̀. Èkejì, ètò tó ti ń lọ sí ìlà 900 lórí owó ẹgbẹ́ kò lè ṣàì jẹ́ èyí tí o ti padà tún ṣe lẹ́yìn tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í pẹ́ kó tó yí òfin kan padà. Ọjọ́ tí ohun méjèèjì yìí bá pàdé ni ẹ̀kọ́ ìgbékalẹ̀ sọ́fítíwíà yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní kí o dúró fún ọdún márùn-ún fẹ́ kí o fi àsìkò ṣòfò. Ẹni tó ní kí o lọ kọ́ microservices mọ àsìkò náà dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ní kí o kọ́ ni kò tọ́ sí ọ báyìí.

Ọ̀pọ̀ rò pé àwòrán àpótí àti ọfà lórí pátákó ni ìgbékalẹ̀ sọ́fítíwíà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ìpinnu tó máa ń nira láti yí padà tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́n lára ni: ibi tí dátà ń gbé, bí a ṣe tò ó, apá wo nínú ètò ló mọ̀ nípa apá wo, èwo ni kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé èkejì wà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ láìfura. Ètò ẹgbẹ́ ìyá rẹ yìí kún fún wọn, nítorí náà òun gan-an la máa fi ṣàlàyé.

Èyí tó wúwo jù nínú wọn: ṣé àpapọ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ lò ń kọ sílẹ̀ ni, tàbí owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé àti èyí tó jáde? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi 45,000 síwájú orúkọ ìyá kan, wọ́n á sì máa yí i padà bí owó bá ṣe ń wọlé. Kò le láti kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá náà bá ní òun san ₦5,000 ní oṣù kẹta, tí akápò ní kò rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀rí kankan. Ìwé akápò sàn jù ú lọ. Kọ ìlà kan fún owó kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́, iye, irú owó tó jẹ́ (àfipamọ́, ẹ̀yáwó, ìdápadà ẹ̀yáwó, owó ìtanràn), àti ẹni tó gbà á. Kí àpapọ̀ jẹ́ ohun tí ètò yóò máa ṣírò látinú àwọn ìlà wọ̀nyí. Bí àṣìṣe bá wáyé, má pa ìlà kankan rẹ́. Kọ ìlà tuntun tó dá a padà, kí ó sì tọ́ka sí ìlà tó ń tún ṣe. Bí o bá ti ń kọ àpapọ̀ nìkan fún ọdún méjì kí o tó ronú sí èyí, kò sí kóòdù tó lè bá ọ wá ìtàn owó náà rí mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ìpinnu ìgbékalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kóòdù tó gbé e wọlé lè má ju mẹ́wàá lọ.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Bí o bá fi ṣe ohun tí ètò fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀, wàá rí ìyá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń lo líìnì kan, wàá sì rí ẹni tí líìnì rẹ̀ sọnù tó gba òmíràn. Kí ètò fúnra rẹ̀ máa fún ọmọ ẹgbẹ́ ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà láéláé. Fóònù àti orúkọ kàn jẹ́ ohun tó lè yí padà nípa ẹni náà. Bákan náà, má fi float (irú nọ́ńbà Python tó ní àmì ìdá, bíi 0.1) kọ owó. Bí o bá ní kí Python ro 0.1 + 0.2, yóò fún ọ ní 0.30000000000000004, nítorí kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ìkà oní-méjì (0 àti 1 nìkan) kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán pátápátá. Kọ gbogbo owó ní kọ́bọ̀, ní odidi nọ́ńbà: ₦2,500.50 á di 250050. Ìgbà tí o bá fẹ́ fi han ènìyàn nìkan ni kí o pín in sí ọgọ́rùn-ún.

Wo èlé náà. Ká ní ẹgbẹ́ ń gba 5% lórí ẹ̀yáwó, tí ìpàdé oṣù keje wá sọ ọ́ di 7%. Bí o bá ti kọ 0.05 sí ibi mẹ́ta nínú kóòdù, ó ṣeé ṣe kí o yí méjì padà kí o gbàgbé ẹ̀kẹta. Kódà bí o bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó yáwó ní oṣù karùn-ún lórí àdéhùn 5% yóò rí i pé gbèsè òun ti ga sí i lójijì. Kọ iye èlé sára ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n fún un. Àṣìṣe yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ẹ̀sùn rẹ̀ á sì já lé ẹni tó kọ ètò lórí.

Kí o tó tẹ̀ síwájú, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó ti mọ́ ọ lọ́wọ́. Mọ bí a ṣe ń pín kóòdù sí fáìlì púpọ̀, tí a sì ń fi import so wọ́n pọ̀. Mọ Git (ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù rẹ bó ṣe ń yí padà) débi pé o lè padà sí àná láìbẹ̀rù. Mọ SQL (èdè tí a fi ń bá database, ibi ìkó-dátà-pamọ́, sọ̀rọ̀) tó SELECT, JOIN àti transaction (àwọn ìyípadà tí a so pọ̀ bí ẹyọ kan). Mọ bí a ṣe ń fi pytest kọ ìdánwò, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù rẹ wò bóyá ó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá tíì ní ìwọ̀nyí, kó lọ kọ́ wọn ná. Bí ó bá ń fi wákàtí kan sí i lójúmọ́, oṣù méjì sí mẹ́ta tó. Láìsí ìdánwò, kò sí bí wàá ṣe tún ètò tò tí ọkàn rẹ á fi balẹ̀ pé o kò ba ohun tó ti dára jẹ́.

Ó wá kan ẹ̀kọ́ náà gan-an: ààlà. Ní 1972, David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi ètò kékeré kan hàn, ó sì pín in lọ́nà méjì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ iṣẹ́: kà á wọlé, tò ó, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé ìpinnu wo ló lè yí padà lọ́la, ó sì fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú apá kan ṣoṣo. Ètò méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àyípadà bá dé, ọ̀nà àkọ́kọ́ máa ń fẹ́ kí a fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ apá, ti ọ̀nà kejì kì í sábà ju apá kan lọ. Bí o bá kọ́ èyí nìkan ní ọdún yìí, o ti kọ́ nǹkan. Lórí ilẹ̀, pérègún la fi ń mọ ààlà oko. Nínú Python, àwọn ìlà import tó wà lókè fáìlì ni pérègún náà. Kà wọ́n, wàá mọ ẹni tó ti wọ ilẹ̀ ẹni.

Fún ètò tìrẹ, ààlà mẹ́ta tó: òfin ẹgbẹ́, ibi ìpamọ́, àti ojú tí ènìyàn ń rí. Fáìlì òfin kò gbọdọ̀ ní print tàbí input nínú, kò gbọdọ̀ import csv tàbí sqlite3. Yóò gba nọ́ńbà, yóò dá nọ́ńbà tàbí ìdáhùn padà, ó tán. Bí a ṣe ń dé ibẹ̀ rèé, má sì yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ padà.

Kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ sínú Git bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, kọ ìdánwò mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ohun tí ètò ń ṣe lónìí, kí o tó fọwọ́ kan kóòdù rárá. Bí òfin ẹgbẹ́ bá jẹ́ pé ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì owó tó fi pamọ́, ìdánwò kan yóò fi hàn pé ẹni tó ní 6000000 kọ́bọ̀ lè yá 12000000. Òmíràn yóò fi hàn pé ètò kò ní gbà kó yá 12000001. Etí bèbè irú èyí ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Kí o wá wọ inú àwọn function tó ń ṣírò, kí o yọ print kúrò nínú wọn, kí wọ́n lo return. Kó gbogbo kóòdù tó ń kà tàbí tó ń kọ CSV sínú fáìlì kan ṣoṣo. Máa sáré ìdánwò lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kùnà, padà sẹ́yìn, má gbé òmíràn lé e.

Nígbà tó bá parí, dán ààlà náà wò lọ́nà méjì. Pa CSV tì, kí o fi SQLite (database tó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo) rọ́pò rẹ̀: bí ó bá ju fáìlì kan tàbí méjì tí o fọwọ́ kàn lọ, ààlà ìpamọ́ ṣì ń jò. Lẹ́yìn náà, kọ ojú kejì sí i, bíi ojú-ewé kékeré tí a fi Flask (irinṣẹ́ Python fún ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù) kọ, tí akọ̀wé lè fi fóònù wò. Bí o bá ní láti da òfin ẹ̀yáwó kọ sínú Flask, òfin náà kò tíì kúrò níbi tó há sí. Ìdánwò méjèèjì yìí yóò kọ́ ọ ju fídíò ogún lọ.

CSV yẹn gan-an, tètè kúrò lórí rẹ̀. Bí Python bá fi "w" ṣí fáìlì, lójú ẹsẹ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pòórá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà náà (iná Èkìtì kò sì ní kìlọ̀ fún ọ), àkọsílẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn. SQLite kì í jẹ́ kí transaction kan dúró sí agbede méjì: bí iná bá dé padà, ó wọlé tán ni, tàbí kó má wọlé rárá. Ṣùgbọ́n má ṣe pa fáìlì tó ní -journal tàbí -wal lórúkọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́, òun ló ń lò láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Tún rántí pé SQLite kì í fi foreign key (òfin pé ohun tí ìlà kan tọ́ka sí gbọ́dọ̀ wà ní tòótọ́) múlẹ̀ àyàfi tí o bá sọ PRAGMA foreign_keys = ON ní gbogbo ìgbà tí o bá ṣí i. Fún ẹ̀dà, lo backup tó wà nínú module sqlite3 ti Python, má kàn da fáìlì náà kọ nígbà tí ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pín kóòdù sí fáìlì kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí Python kọ fún ọ pé "most likely due to a circular import". Ó túmọ̀ sí pé fáìlì méjì ń wá ara wọn. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé import náà wọ inú function kí ariwo lè dákẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì nílò ni kí o yọ sínú fáìlì kẹta tí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Àléébù kejì ni fáìlì utils.py, tí gbogbo ohun tí kò nílé ń sá sí, tí gbogbo ètò sì wá gbára lé. Ẹ̀kẹta ni pípín ju bó ṣe yẹ lọ: class tó ní method kan ṣoṣo, fáìlì ìlà méje, ogójì fáìlì fún ètò ìlà 900. Bí o bá ní láti ṣí fáìlì mẹ́fà kí o tó mọ bí owó ìtanràn ṣe ń wọlé, o ti pín in jù.

Ohun kan wà tó kan àwa tó ń kọ orúkọ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà "ọ" lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú Unicode (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà), ó sì lè jẹ́ "o" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Python, méjì ni wọ́n. Bí fóònù akọ̀wé bá kọ "Bọ́lá" lọ́nà kan, tí kọ̀ǹpútà rẹ kọ ọ́ lọ́nà kejì, ìwádìí orúkọ yóò ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni unicodedata.normalize("NFC", orúkọ), tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan; inú module unicodedata ti Python ló wà. Ẹnu ọ̀nà tí orúkọ ń gbà wọlé ni kó wà, níbẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi í sí ibi mẹ́jọ yóò gbàgbé ẹ̀kẹsàn-án. Má rò pé NFC yóò sọ "ọ́" di àmì kan, nítorí Unicode kò ní ẹyọ kan fún un. Nítorí náà má fi len ka lẹ́tà orúkọ.

Ní ti microservices, jẹ́ ká ṣírò. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 200, tí olúkúlùkù ní ìlà mẹ́ta lóṣù, yóò kọ ìlà 7,200 lọ́dún. Ní ogún ọdún, 144,000. SQLite lè gbé ìlà mílíọ̀nù láìmí gúlegúle. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa kọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan kì í ju mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ lọ, akọ̀wé mẹ́ta kò ní mọ̀ rárá. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń kọ sínú rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, tí server sì ju ẹyọ kan lọ, ni kí o ronú PostgreSQL, database tó lè gba ọ̀pọ̀ tó ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí o bá wá pín ètò yìí sí microservices, ohun tí o máa pàdánù pọ̀. Nínú ètò kan, function tó ń pe òmíràn kì í sábà gba ju máíkírósẹ́kọ́ńdì kan lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè gba ọgọ́rùn-ún mílísẹ́kọ́ńdì, ó sì lè kùnà ní agbede méjì. Nínú database kan, transaction kan ṣoṣo lè yọ owó kúrò nínú àfipamọ́ kó sì san án sórí gbèsè, kí méjèèjì wọlé tàbí kí méjèèjì má wọlé. Bí àfipamọ́ bá ní service tirẹ̀, tí gbèsè ní tirẹ̀, ìdánilójú yẹn ti lọ. Ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ kọ kóòdù tí yóò máa dá owó padà bí ọ̀kan bá kùnà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ débi pé wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́ ni ọ̀nà yìí wúlò fún. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti sọ ọ́ láti 1968 pé bí àwọn ènìyàn inú iṣẹ́ bá ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ohun tí wọ́n bá kọ́ yóò ṣe rí. Ìwọ nìkan lò ń kọ tìrẹ. Ètò kan, tí ààlà inú rẹ̀ mọ́, ló bá ọ mu.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wà ní ẹkùn yẹn tí mo fẹ́ kí o mú nísinsìnyí, nítorí Flask rẹ yóò nílò rẹ̀. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì láti kọ ₦5,000. Server (kọ̀ǹpútà tí Flask wà lórí rẹ̀) gbà á, ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn tó dé fóònù. Akọ̀wé rò pé kò lọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Owó kan ti di méjì. Kí fóònù ṣẹ̀dá nọ́ńbà àkànṣe kan fún owó náà nígbà tí akọ̀wé bá ṣí fọ́ọ̀mù, uuid4 (nọ́ńbà gígùn tí a ṣà láìròtẹ́lẹ̀, tí kì í bá òmíràn dọ́gba) dára fún un, kó sì fi nọ́ńbà kan náà ránṣẹ́ bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Fi UNIQUE (àṣẹ pé nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sórí nọ́ńbà náà nínú database. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá dé, kí server dá ìdáhùn ti àkọ́kọ́ padà láìkọ ohunkóhun.

Design patterns, má há a sórí. Dúró kí ìṣòro náà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ẹgbẹ́ bá wá ní oríṣi ẹ̀yáwó mẹ́ta, tí èlé wọn yàtọ̀, tí if àti elif sì ń gùn, dictionary tó so orúkọ oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ́ function tirẹ̀ tó. Orúkọ pattern náà ni Strategy. Orúkọ tí o bá mọ̀ lẹ́yìn ìṣòro kì í tètè kúrò lórí.

Bẹ̀rẹ̀ fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù rẹ fún ìpinnu. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́wàá péré: ọjọ́, ohun tí o yàn, ohun tí o kọ̀, ìdí, àti ohun tó lè mú kí o yí i padà. Kíkà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan ni ẹ̀kọ́ ìgbékalẹ̀ tó dára jù tí mo mọ̀. Ìdí náà nìyí tí ọdún márùn-ún tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ kò fi jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹni tó kọ ètò ogún tó sì pa gbogbo wọn tì lè má mọ nǹkan kan nípa èyí. Ẹni tó tọ́jú ẹyọ kan fún ọdún méjì, tí àwọn ènìyàn ń lò ó, ti rí èrè àti gbèsè ìpinnu rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kàn yóò dé fúnra rẹ̀, bóyá nígbà tí ẹgbẹ́ kejì láti Adó tàbí Ìjerò bá ní àwọn fẹ́ ètò náà pẹ̀lú òfin èlé tiwọn. Ọ̀nà méjì ni wàá rí: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì SQLite tirẹ̀, tàbí kí gbogbo wọn wà nínú ẹyọ kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹgbẹ́. Ọ̀nà kejì rọrùn láti ṣe ìròyìn lórí gbogbo ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá gbàgbé WHERE kan (ọ̀rọ̀ SQL tó ń yan ìlà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo) ni ẹgbẹ́ kan yóò rí owó ẹgbẹ́ mìíràn. Títí di nǹkan bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màá ní kí o yàn. Kọ ọ́ sínú fáìlì ìpinnu, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá ti kọjá mẹ́wàá, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ ìròyìn lórí gbogbo wọn lápapọ̀, ẹ máa tún un wò.